Bí a ṣe ń fi táyà fífẹ̀ sórí rímù tóóró fún ọ̀nà oko àti ọ̀nà igbó

Hilux tó ń wọ oko kòkó lẹ́yìn òjò, tàbí tó ń gun àpáta lágbègbè Ìdànrè, kò nílò ohun tí ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀nà ọlọ́dà nílò. Fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, rímù tó tóóró jù lọ nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà fọwọ́ sí ni kí ẹ wá. Ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ ààlà yẹn rárá. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ níbí dá lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí.

Ìdí rẹ̀ wà nínú etí táyà. Etí táyà ni ibi tí wáyà irin wà nínú rọ́bà, òun ló jókòó sórí rímù, òun ló sì ń di afẹ́fẹ́ mú. Bí rímù bá tóóró ju táyà lọ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á wú síta, á sì máa ti etí náà mọ́ ètè rímù. Ẹ lè tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ dé 15 psi (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) kí táyà lè tẹ́ sórí iyanrìn, síbẹ̀ etí á ṣì dúró síbi tó wà. Rímù fífẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà ti nà tán lórí rẹ̀, ńṣe ló ń fa etí lọ sínú kòtò tó wà láàárín rímù. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kéré, tí awakọ̀ sì yí sítíárìn lójijì, etí á já wọ inú, afẹ́fẹ́ á sì jáde pátápátá. Àǹfààní kejì ni pé ẹ̀gbẹ́ táyà tó wú kọjá ètè rímù ló máa kọ́kọ́ kan àpáta àti kùkùté, irin kò ní kàn án. Ètè rímù tó tẹ̀ lójú ọ̀nà oko máa ń jò títí, ẹni tó bá ti rí i rí mọ̀ pé àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré.

Ó ní ohun tí ẹ ó san fún un. Ojú táyà á yọ díẹ̀ láàárín, nítorí náà àárín á máa jẹ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ lórí ọ̀dà. Ọkọ̀ á máa fì díẹ̀ bí ẹ bá yà lórí eré. Ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn sí Èkó lójoojúmọ́ kò nílò rẹ̀. Àwọn ará Iceland tó ń rìn lórí yìnyín gan-an máa ń ṣe òdìkejì: rímù fífẹ̀ gan-an àti táyà ínṣì 38, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ ní afẹ́fẹ́ tí kò tó 5 psi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti lẹ etí táyà mọ́ rímù tàbí kí wọ́n fi bóòtù dè é. Ilẹ̀ tiwa kò béèrè fún ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà rímù

Nọ́ńbà rímù wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí nítòsí ihò fáàfù. Bí ẹ bá rí 15×7JJ, ínṣì 15 ni gíga rímù láti ibi tí etí táyà jókòó sí ní òkè dé ìsàlẹ̀, ínṣì 7 ni ìbú rẹ̀, JJ sì ń sọ irú ètè tó ní. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ET, bíi ET30, ń sọ iye mìlímítà tí ojú ibi tí rímù ti kan họ́ọ̀bù fi jìnnà sí àárín gbùngbùn ìbú rímù. Bí ET bá ṣe ga tó ni táyà á ṣe wọlé sábẹ́ ọkọ̀ tó.

Bí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà náà, ẹ wọn rímù. Inú ètè kan dé inú ètè kejì, níbi tí etí táyà ń jókòó sí, ni kí ẹ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wọn láti ẹ̀yìn ètè dé ẹ̀yìn ètè, wọ́n á wá pe rímù ínṣì 6 ní ínṣì 7, nítorí ètè méjèèjì lè fi ohun tó tó ínṣì kan kún un. Ínṣì 6 jẹ́ mìlímítà 152, 6.5 jẹ́ 165, 7 jẹ́ 178, 7.5 jẹ́ 190, 8 jẹ́ 203.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ìbú rímù tí táyà gbà. Nínú nọ́ńbà táyà bíi 235/85R16, 235 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 85 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, 16 sì ni ínṣì rímù. Nínú 31×10.50R15, 31 ni gíga táyà, 10.50 ni ìbú rẹ̀, 15 ni rímù, gbogbo rẹ̀ ní ínṣì. Ìwọ̀nyí ni èyí tí a máa ń rí lórí ọkọ̀ oko, ní ínṣì:

235/85R16 gba 6 sí 7.5
245/75R16 gba 6.5 sí 8
265/75R16 gba 7 sí 8
265/70R16 gba 7 sí 9
285/75R16 gba 7.5 sí 9
30×9.50R15 gba 6.5 sí 8.5
31×10.50R15 gba 7 sí 9
33×12.50R15 gba 8.5 sí 11

Ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, nítorí náà ìwé táyà tí ẹ fẹ́ rà gan-an ni kí ẹ gbà gbọ́. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni ibi tí à ń lọ. Bí rímù yín bá jẹ́ 7, ẹ lè fi 265/75R16 tàbí 31×10.50R15 sí i pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 6, ẹ dúró sórí 235/85R16. Táyà yìí ga tó 265/75R16, nǹkan bíi mìlímítà 805 ni àwọn méjèèjì, ó kàn tóóró ni. Ní ilẹ̀ amọ̀ tó ní ìsàlẹ̀ líle, bíi ọ̀nà oko tí tírákítọ̀ ti tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, táyà tóóró yìí á gé ẹrọ̀fọ̀ lọ bá ilẹ̀ líle, á sì ṣe dáadáa ju táyà fífẹ̀ lọ. Orí iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ tí kò nísàlẹ̀, irú ti etíkun Ìlàjẹ, ni táyà fífẹ̀ ti ń jọba.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kọjá ààlà sísàlẹ̀, ká ní a fi 33×12.50R15 sórí rímù 7? Etí táyà kò ní jókòó pẹrẹsẹ mọ́. Ìdí etí á gbéra díẹ̀ kúrò lórí irin, á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká ju bó ṣe yẹ lọ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ibẹ̀ á gbóná, okùn inú rọ́bà á já, táyà á sì bẹ́ lórí eré láìsí ìṣó tó gún un. Àárín ojú rẹ̀ nìkan ló máa kan ilẹ̀, nítorí náà ìbú tí ẹ sanwó fún kò ní ṣiṣẹ́ kankan.

Àwọn Land Cruiser 70 àtijọ́ kan ní rímù 16×5.5 tí wọ́n fi òrùka irin dè. 7.50R16 ni táyà rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí táyà fífẹ̀ kankan nínú àwọn tí a kọ sókè tó gba 5.5. Òrùka yẹn sì lè fò jáde nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ táyà, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá ní àgò irin tí wọ́n ń fi táyà sí nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Àpẹẹrẹ tí a ó tẹ̀ lé

Ẹ jẹ́ ká mú Hilux tó wá pẹ̀lú 255/70R15C lórí rímù 15×7, tí a fẹ́ fi 31×10.50R15 sí. Ìbú táyà yìí jẹ́ mìlímítà 268 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí rímù ínṣì 8.5. Fún ìdajì ínṣì kọ̀ọ̀kan tí rímù bá fi dín, ìbú táyà á dín ní nǹkan bíi mìlímítà 5. Láti 8.5 dé 7 jẹ́ ìdajì ínṣì mẹ́ta, nítorí náà táyà yẹn á fẹ̀ tó mìlímítà 253 péré lórí rímù yín. Ìṣirò kékeré yìí ló ń sọ bóyá táyà á kan ara ọkọ̀ tàbí kò ní kàn án, ẹ sì lè ṣe é kí ẹ tó náwó.

Gíga rẹ̀ á tó 775, ti àtijọ́ sì jẹ́ 738. Ọkọ̀ á gbé sókè ní nǹkan bíi mìlímítà 18. Spídómítà á máa pa irọ́: bí ó bá sọ 100, eré yín gan-an ti tó 105.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni ẹrù. 255/70R15C tó bá ọkọ̀ wá máa ń ní nọ́ńbà 112, ìyẹn kìlógíráàmù 1,120 lórí táyà kan. 31×10.50R15 onípele C (lẹ́tà ìpele ń sọ bí táyà ṣe lágbára tó fún ẹrù, E sì lágbára ju C lọ) ní 109, ìyẹn 1,030, ó sì gbọ́dọ̀ ní 50 psi kó tó lè gbé e. Táyà yìí tóbi lójú, ṣùgbọ́n ẹrù tó lè gbé kéré sí ti àtijọ́. Ẹ lọ wo bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ rí ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbé, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi wé nọ́ńbà táyà. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ náà bá jẹ́ kíkó símẹ́ǹtì tàbí kòkó, táyà ínṣì 16 tó nípọn, bíi 235/85R16 onípele E, ló yẹ, pẹ̀lú rímù ínṣì 16.

Láti ọdún 2007 tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa, táyà tó ń ti òkè òkun wá, títí kan tòkunbọ̀, ló kún ọjà wa. Nítorí náà ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà àtijọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti le, tó ti ń ya wẹ́wẹ́, kò gbọ́dọ̀ dé orí rímù tóóró, nítorí ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an la fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Wíwò bóyá á kan ara ọkọ̀

Hilux ní nọ́ọ̀tì mẹ́fà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òbìrí tí wọ́n tò lé lórí fẹ̀ tó mìlímítà 139.7 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ihò àárín rímù sì jẹ́ 106. Bí ẹ bá ń ra rímù mìíràn, ẹ bá nọ́ńbà wọ̀nyí mu, kí ẹ sì jẹ́ kí ET sún mọ́ ti àtijọ́. Àwọn tó ń ra rímù ET òdì nítorí ẹwà ń fi agbára mú bẹ́ríǹgì họ́ọ̀bù, táyà wọn sì máa ń gbá mọ́dígáàdì bí wọ́n bá yí sítíárìn.

Kí ẹ tó so táyà mẹ́rin, ẹ so ẹyọ kan síwájú kí ẹ wò ó. Ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti apá irin òkè, láàárín táyà àti ṣáásì, àti láàárín táyà àti rọ́bà ìdènà ẹrọ̀fọ̀. Lórí rímù fífẹ̀, mìlímítà 10 lè tó. Lórí rímù tóóró, ẹ fi 15 sí 20 sílẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń fì sọ́tùn-ún sósì bí afẹ́fẹ́ bá kéré. Lẹ́yìn náà ẹ gun ẹsẹ̀ iwájú kan sórí òkúta tàbí igi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ẹ tún yí sítíárìn. Ibi tó máa ń kàn jù ni ẹ̀yìn mọ́dígáàdì, lápá ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Bí rọ́bà nìkan ló kàn, ẹ gé e tàbí kí ẹ sún un. Bí irin ló kàn, táyà yẹn ti tóbi jù fún ọkọ̀ náà. Ẹ má ṣe fi irin pẹlẹbẹ kún họ́ọ̀bù láti fi ti táyà síta.

Fífi táyà sórí rímù

Irin ìṣítáyà mẹ́ta tí ojú wọn dán, ohun tí a fi ń yọ fáàfù, búrọ́ọ̀ṣì wáyà, géèjì tó péye, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó lágbára pẹ̀lú okùn tó gùn tó mítà mẹ́ta, àti ọṣẹ: ohun tí ẹ nílò nìyẹn. Ọṣẹ tí a pò kí ó ki bí ẹ̀kọ mímu ló dára jù. Ẹ má ṣe lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gíríìsì tàbí pẹtiróòlù. Ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà, kì í sì í gbẹ, táyà á wá máa yọ̀ lórí rímù nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, kí ẹ fi òkúta dí táyà tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi irin ìdúró sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ yọ ọkàn fáàfù kí afẹ́fẹ́ jáde tán kí ẹ tó fi ohunkóhun kan etí táyà. Bí ẹ bá ń yọ táyà àtijọ́, ẹ má ṣe fi òòlù ńlá lu ètè rímù. Ètè tó bá tẹ̀ lónìí ló máa jò lọ́la.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ibi tí etí táyà ń jókòó sí títí irin á fi hàn. Ìpẹtà tó wú sókè, bó ti wù kó kéré tó, ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀dà kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bí ọ̀dà bá ṣì rọ̀, á lẹ mọ́ etí táyà, á sì ya bí ẹ bá tún yọ ọ́. Ẹ wo gbogbo ojú ìjó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀. Rímù tó bá ya kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jó rímù tí táyà ṣì wà lórí rẹ̀, kódà bí afẹ́fẹ́ ti jáde tán. Iná ìjó ń sọ rọ́bà inú di gáàsì, táyà náà á sì bẹ́ bíi bọ́ǹbù.

Ẹ pààrọ̀ fáàfù. TR413, fáàfù rọ́bà lásán, kò gbà ju 65 psi lọ, ó tó fún táyà onípele C. Fún onípele E, ẹ fi fáàfù tó gba 100 psi sí i, bíi TR600HP tàbí ti irin.

Wàyí o, ẹ wo rímù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kòtò àárín rẹ̀ sún mọ́ ètè kan ju èkejì lọ. Apá tó sún mọ́ yẹn ni kí ẹ kọ sókè, ibẹ̀ ni táyà á ti wọlé. Ẹ fi ọṣẹ ra etí táyà méjèèjì àti ètè rímù.

Etí kìíní máa ń wọlé láìsí wàhálà. Etí kejì ni iṣẹ́ wà, rímù tóóró sì le ju fífẹ̀ lọ níbí. Kòtò rẹ̀ kò fẹ̀, etí kìíní sì ti wà nínú rẹ̀, kò sí àyè fún èkejì. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tẹ táyà mọ́lẹ̀ kí etí kìíní kúrò nínú kòtò lọ síbùjókòó rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi eékún méjèèjì tẹ ibi tí etí kejì ti kọ́kọ́ wọlé, kí ó wà nínú kòtò títí ẹ ó fi parí. Ẹ máa fi irin mú un díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá le débi tí ẹ fi fẹ́ wá páìpù gígùn, ẹ dúró. Etí tó wà lódìkejì ti gun jáde kúrò nínú kòtò ni, ẹ padà lọ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó fipá ṣe é máa ń já wáyà inú etí, ojú kò sì ní rí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ dé 40 psi ni yóò hàn.

Táyà tuntun tí wọ́n tò léra wọn nínú ọjà máa ń fún pọ̀, etí méjèèjì á ti sún mọ́ra. Ẹ fi igi kékeré ya wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí a bá ń fẹ́ ẹ

Ẹ má tíì dá ọkàn fáàfù padà, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́ wọlé, ẹ fi okùn kọ́ ẹnu fáàfù, kí ẹ sì dúró jìnnà níwájú ojú táyà. Ẹ má ṣe dojú kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe tẹ̀ lé e lórí. Ẹ ó gbọ́ ìró méjì bí etí méjèèjì bá ti ń jókòó.

40 psi ni òpin. Bí etí kò bá tíì jókòó, ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ẹ tún fi ọṣẹ sí i, ẹ yí táyà díẹ̀ lórí rímù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi kún un dé 60 tàbí 70 lè já wáyà etí, agbára tó sì máa jáde tó láti gé apá. Wíwọ́n pẹtiróòlù sínú táyà kí wọ́n tó ṣáná sí i, tí àwọn kan ń ṣe lójú ọ̀nà, ti ṣe àwọn ènìyàn léṣe púpọ̀, kò sì sí ìdí fún un níbí rárá. Ẹ̀gbẹ́ táyà fífẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti etí mọ́ ètè rímù tóóró, nítorí náà ó rọrùn láti jókòó ju ti rímù fífẹ̀ lọ.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rọ́bà, nítòsí ètè rímù, tó yí táyà ká. Àlàfo láàárín ìlà yẹn àti ètè gbọ́dọ̀ dọ́gba yípo ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá wọlé níbì kan, etí kò tíì jókòó níbẹ̀, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lórí eré láìka iye òjé tí ẹ bá fi bálánsì rẹ̀. Ẹ dá ọkàn fáàfù padà, ẹ gééjì táyà, kí ẹ da omi ọṣẹ sí ètè méjèèjì, ìdí fáàfù àti ojú ìjó. Ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Bí táyà bá ní àmì yẹ́lò kékeré, ibẹ̀ ló fúyẹ́ jù lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ibi fáàfù. Bí òjé tí fọ́kánáísà ń bèèrè bá pọ̀ jù níbi bálánsì, kó yí táyà ní ìdajì àyíká lórí rímù kó tó tún un ṣe.

Ẹ dè nọ́ọ̀tì ní ìfojúkojú, kì í ṣe ní títẹ̀lé ara wọn. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ fún agbára tí ẹ ó fi dè é, ti ọ̀pọ̀ Hilux sún mọ́ 105 Nm. Ẹ tún un dè lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 100, nítorí ọ̀dà tuntun tí ẹ kùn sára rímù máa ń fúnra rẹ̀ tẹ̀.

Afẹ́fẹ́ mélòó?

Ojú ọ̀nà yàtọ̀ síra. Lórí ọ̀dà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 32 psi nígbà tí ọkọ̀ kò rù, kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé. Ẹ fi ẹfun fa ìlà nípọn láti etí kan ojú táyà dé èkejì, kí ẹ wa ọkọ̀ lọ tààrà fún nǹkan bíi mítà 200 lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí àárín bá parẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kù, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ẹ dín in ní 2 psi kí ẹ tún un ṣe. Rímù tóóró máa ń fẹ́ kí ẹ dín in ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí àárín ti yọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ẹrù ló ń pàṣẹ: ẹ fi afẹ́fẹ́ kún ti ẹ̀yìn, bí àárín tiẹ̀ máa jẹ díẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ni ooru. Ẹ gééjì ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ tún gééjì lẹ́yìn wákàtí kan lórí ọ̀nà. Ó yẹ kó fi 4 sí 6 psi kún. Bí ó bá ju 6 lọ, ẹ̀gbẹ́ táyà ń ká jù, afẹ́fẹ́ kéré tàbí ẹrù pọ̀. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná sílẹ̀ láti fi tún un ṣe. Ìyẹn á bà á jẹ́ sí i.

Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó ní gegele, bí èyí tó wà ní Òkè Ògùn lápá Ṣakí, fẹ́ 25 sí 26 psi, ẹ má sì ju 60 sí 70 kìlómítà ní wákàtí lọ. Ẹrọ̀fọ̀ fẹ́ 20 sí 22. Àpáta fẹ́ 18 sí 20, ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀. Iyanrìn etíkun fẹ́ 15 sí 18, kí eré má ju 30 lọ, kí ẹ má sì yí sítíárìn lójijì. Rímù tóóró lè bá yín dé 12 bí ọkọ̀ bá rì, fún ìwọ̀nba mítà tí ẹ fi máa jáde. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Iye wọ̀nyí jẹ́ ti ọkọ̀ tí kò rù. Bí ẹ bá padà dé orí ọ̀dà, ẹ fẹ́ táyà kí ẹ tó sáré. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì 12V gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ máa tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí fọ́kánáísà nínú igbó.

Túùbù kì í ṣe àtúnṣe fún etí tó ń jò lórí táyà tí kò lo túùbù. Á máa ha ara rẹ̀ mọ́ inú táyà, á gbóná, bí ìṣó bá sì gún un, afẹ́fẹ́ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà dípò díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ wá ìdí tí etí fi ń jò: ìpẹtà, ètè tó tẹ̀, tàbí rímù tó tóóró ju ààlà lọ.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì ti jẹ dọ́gba. Bí ti iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, tí ẹ sì fi ọkọ̀ sí 4H (jíà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fa ọkọ̀) lórí ilẹ̀ líle, jíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn á máa bá ara rẹ̀ jà títí nǹkan kan á fi ṣẹ́. Táyà sípíà náà kò yọ sílẹ̀. Ẹ wọn àyè tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn Hilux kí ẹ tó ra ìkarùn-ún, nítorí 31×10.50R15 tó kún fún afẹ́fẹ́ lè má wọ ibẹ̀ tán. Bí kò bá wọ̀, ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù kí ẹ tó fi ṣéènì fà á sókè, kí ẹ sì lẹ bébà mọ́ ara rẹ̀ pé ó ní láti gba afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó lò ó.